Ṣé ó tọ́ kí ẹni tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà jáde fún ipò káńsẹ́lọ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìṣarà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti àwọn obìnrin mẹ́rin kan ti ń bẹ àwọn àgbàlagbà àdúgbò wa wò, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn wà ní Èkó tàbí lókè òkun. A máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, a máa ń bá wọn gba oògùn, a sì máa ń sìn wọ́n lọ síbi àyẹ̀wò ìwé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Níbẹ̀ ni mo ti rí bàbá ẹni ọdún 78 kan tó dúró láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì nítorí pé ìwé kan sọnù nínú fáìlì rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rò ó pé ó yẹ kí n wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu nǹkan. Ní báyìí, àwọn ará wọ́ọ̀dù wa ń rọ̀ mí pé kí n jáde, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìyá kankan wo ẹ̀kọ tí mo gbé fún un, kí ó sì máa rò pé ìbò ni mo fi ń rà. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́:
Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù. Àjọ OGSIEC ni ó ń ṣètò ìdìbò káńsẹ́lọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í ṣe INEC, àjọ ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ṣe ọ̀kan ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ẹgbẹ́ òṣèlú ni yóò fà yín kalẹ̀, nítorí náà ìpàdé wọ́ọ̀dù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ka Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin ọdún 1999, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ilé ìtọ́jú fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera wà níbẹ̀ gbangba, nínú ìlà kan náà pẹ̀lú itẹ́ òkú, wọ́n sì ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kópa nínú ètò ìlera. Ní àdúgbò tèmi, gbogbo wa ni a mọ itẹ́ òkú, ṣùgbọ́n a kò ní ilé tí a lè mú arúgbó tí kò lẹ́nìkan lọ, ó sì ń dùn mí. Iṣẹ́ tí ẹ ti ń fi owó àpò yín ṣe, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ni.

Olùkọ́ Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:
Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ìyá Ìbejì ní ìdí. Òfin Ìdìbò ka fífún olùdìbò ní owó tàbí ẹ̀bùn nítorí ìbò sí ẹ̀ṣẹ̀, oúnjẹ tí kò sì ní àléébù kankan lónìí lè di ohun tí alátakò yóò máa tọ́ka sí lọ́la. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, bí régbérégbé kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, bá ṣe nǹkan fún ìlú, orúkọ ẹgbẹ́ ni nǹkan náà ń jẹ́, kò sí ẹnì kan tó lè gbé e lọ sí ìpolongo. Nítorí náà, kí ọjọ́ ìdìbò tó sún mọ́lé, ẹ fi àpò owó iṣẹ́ yìí àti ìwé orúkọ àwọn arúgbó lé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má sì gbé àwòrán arúgbó kankan sórí pátákó, ìbáà ṣe òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ẹ gbé e.

Àbẹ̀kẹ́, Ṣágámù:
Ẹni tó ń tọ́jú màámi díje nígbà kan, ó fìdí rẹmi, kò sì yọjú mọ́. Màámi kò mọ nǹkan kan nípa òṣèlú. Ohun tí wọ́n ń bi mí títí wọ́n fi lọ ni pé, kí ni àwọn fi ṣẹ obìnrin náà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tí yóò lọ wo àwọn ìyá wọ̀nyí ní ọjọ́ kejì ìdìbò, yálà ẹ wọlé tàbí ẹ kò wọlé.

Ìyá Ìbejì, Ìṣarà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti fi àpò owó àti ìwé orúkọ lé ẹnìkejì mi lọ́wọ́, n kò ní pín oúnjẹ mọ́, ṣùgbọ́n n kò ní dẹ́kun láti máa wọn ìfúnpá. Màmá kan tó ti lé ní ẹni 90 ọdún ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé wàá ṣì máa wá lọ́jọ́ Rú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù.