Ajá mi tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ń ké lóru: kí ni mo lè ṣe sí ìrora ẹ̀?

Ọmọ Ajílété (Arówómọlé, Ogbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọlọ́kadà kan ló kọlu ajá mi, Tańmọ̀la, lójú ọ̀nà Ìlọrin. Eegun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ tòsì rún wómúwómú nísàlẹ̀ orúnkún, awọ bó, erùpẹ̀ wọnú ẹ̀. Ká tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, ẹsẹ̀ náà ti tutù. Dókítà ní kò ṣeé tò mọ́, pé tá a bá fi í sílẹ̀, á jẹrà, á sì pa á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gé e, láti òkè itan.

Ọ̀sán ò burú. Ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta tiro dé ìdí igi máńgòrò láti lọ tọ̀. Òru ni wàhálà. Á ti sùn lọ, á kàn ṣàdédé ké tòò, á fò dìde, á yíjú sí ibi tí ẹsẹ̀ yẹn wà tẹ́lẹ̀, á máa gbóòórùn ibẹ̀, nígbà mìíràn á fẹ́ gé ibẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n. Màá gbé orí ẹ̀ lé itan mi títí ara ẹ̀ á fi rọlẹ̀. Oògùn oníhóró tí wọ́n fún wa ti tán.

Táìsì ni gbogbo ilẹ̀ ilé wa, ó ń yọ̀ ọ́ ṣubú. Abẹ́ ikùn ẹ̀ ti dúdú, itòsí ojú ọgbẹ́ sì wú, ó rọ̀ tá a bá fọwọ́ kàn án.

Àwọn ará àdúgbò ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹnì kan ní kí n tà á fáwọn tó máa fi bọ Ògún. Òmíràn ní kí ni mo fẹ́ fi ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Ajá yìí ló ń sin àwọn ọmọ mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé láràárọ̀. Mi ò ní tà á. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ìrora ló ṣì ń jẹ ẹ́? Kí ni mo lè fún un? Kí ló sì dé tí wọ́n fi gé gbogbo itan nígbà tó jẹ́ ìsàlẹ̀ orúnkún ló fọ́?

Ìyá Ìbejì (Ọjà Jagun)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á wo Tańmọ̀la sàn. Ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n gé fún ajá tèmi, ó sì ń sáré nínú ọgbà báyìí. Ọ̀já ni kẹ́ ẹ wá. Ọ̀já ìpọnmọ tí mo fi pọn àwọn ìbejì ni mo lò. Ẹ ká a sí méjì kó lè fẹ̀, ẹ gbà á gba abẹ́ ikùn ẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó kù, kẹ́ ẹ wá di etí rẹ̀ méjèèjì mú lókè ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ ò ní gbé e kúrò nílẹ̀ o. Ìdí ẹ̀ lẹ kàn ń bá a gbé díẹ̀ kó má baà ṣubú. Kí ọ̀já má kan ojú ọgbẹ́. Tó bá jẹ́ akọ, ẹ má jẹ́ kó dí ojú ibi tó ń gbà tọ̀.

Ti táìsì yẹn, ẹ má tẹ́ ẹní ọ̀rá, ẹ má tẹ́ àpò, àwọn gan-an máa ń yọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tó ní rọ́bà lábẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ́, láti ibùsùn ẹ̀ dé ibi abọ́ oúnjẹ, títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ Ajá (Sábó)

Ẹ kàn lọ ra ibuprofen tàbí diclofenac ní kẹ́mísìtì, ẹ dá a sí méjì, ẹ fi sínú oúnjẹ ẹ̀. Òun ni mò ń lò fún orúnkún tèmi, ara máa ń tù mí kíá.

Dókítà Ẹranko (Ìlọrin)

Mo mọ̀ pé àánú ajá ló ṣe yín, àmọ́ mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fún ajá ní ibuprofen tàbí diclofenac o. Ara ajá ò gbà wọ́n bí ara èèyàn ṣe ń gbà wọ́n. Wọ́n máa ń dá egbò sí i nínú, wọ́n sì máa ń ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ ẹ̀ á dúdú bí ọ̀dà, nígbà míì ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Paracetamol náà, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n fún un, nítorí ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Ológbò ò tiẹ̀ gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Ọmọ Ajílété, bẹ́ẹ̀ ni, ìrora ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ pe dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lónìí, ẹ sọ fún un pé oògùn ti tán àti pé ajá ń ké lóru, bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún wa gan-an. Oríṣi ìrora méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wá láti ojú ọgbẹ́, níbi tí wọ́n ti gé ẹran àti awọ. Oògùn tí wọ́n ṣe fún ajá, bíi carprofen tàbí meloxicam, ló wà fún ìyẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kẹ́ ẹ máa fún un, ẹ ò sì gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ àwọn oògùn sìtẹ́rọ́ìdì bíi dexamethasone tàbí prednisolone.

Èkejì ló jọ pé ó ń jí i lóru. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sínú ọpọlọ ni wọ́n gé, àmọ́ ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e ṣì ń ránṣẹ́ bí ìgbà tí ẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún wa pé ọmọ ìka tí kò sí mọ́ ń ta àwọn, ó ń jó àwọn. Ajá ò lè sọ tiẹ̀, àfi kó ké, kó yíjú síbẹ̀. Gabapentin la sábà máa ń lò sí i. Á mú un sùn, ó sì lè máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kápúsù ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ má ra èyí tó jẹ́ olómi tí wọ́n ṣe fún èèyàn, torí xylitol wà nínú àwọn kan, ṣúgà tó jẹ́ májèlé fún ajá ni. Ẹ má sì dá a dúró lójijì, dókítà ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú: ẹ má dúró dìgbà tó bá ké kẹ́ ẹ tó fún un lóògùn. Lásìkò lásìkò ni, nítorí ìrora tó bá ti gbilẹ̀ kì í tètè lọ. Ajá a sì máa fi ìrora pamọ́. Tó bá ń mí hẹlẹ nígbà tí kò sí ooru, tó kọ oúnjẹ, tó lọ ká jọ sí kọ̀rọ̀, tó ń lá ojú kan ṣáá, ó ti ń sọ fún yín nìyẹn.

Wọ́n gé e dé itan torí pé tí kùkùté bá ṣẹ́ kù, ajá á fẹ́ máa fi tẹlẹ̀, á máa gbá a mọ́ nǹkan, á di egbò tí kì í jinná. Dókítà yín mọ ohun tó ń ṣe. Dúdú abẹ́ ikùn yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó rọ́ wálẹ̀ lábẹ́ awọ ni, á lọ. Wíwú tó rọ̀ yẹn, omi ara ló kóra jọ. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tó bá gbóná, tó ń rùn, tó ń ṣọyún, tàbí ojú ibi tí wọ́n rán là, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin sún mọ́ yín ju ti Ìbàdàn lọ.

Ọmọ Ajílété

Ẹ ṣé gan-an ni, dókítà. Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti pe dókítà wa, ó ní kí n wá gba oògùn nírọ̀lẹ́ òní. Ṣé kí n jẹ́ kó máa rìn ni, àbí kí n so ó mọ́lẹ̀? Àbíkẹ́yìn mi ti fẹ́ máa ju bọ́ọ̀lù fún un.

Dókítà Ẹranko (Ìlọrin)

Bọ́ọ̀lù ṣì dọwọ́ ẹ̀yìn. Títí wọ́n á fi tú òwú ojú ọgbẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 10 sí 14, kó máa sinmi, kẹ́ ẹ fi okùn mú un jáde láti tọ̀ àti láti yàgbẹ́, kó sì wọlé. Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn kúkúrú, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, dáa ju ìrìn gígùn ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n gé fún un yìí tún rọjú, nítorí nǹkan bí ìpín 60 nínú 100 ìwúwo ajá ló wà lórí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ máa gé èékánná ẹ̀ kó lè tẹlẹ̀ dáadáa.

Baba Ọdẹ (Ìkòyí-Ilé)

Ọmọ mi, ẹni tó ní kó o tà á, má dá a lóhùn. Ọmọ Ògún ni mí, ajá mi tí pàkúté gé lẹ́sẹ̀ ṣì ń bá mi ṣọ́ oko.

Eṣinṣin ni kó o ṣọ́. Tí eṣinṣin bá yé sójú ọgbẹ́, ìdin á ti wọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ibi tó ń sùn sí, máa pààrọ̀ aṣọ tó ń sùn lé, máa wo ojú ọgbẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Má fi Izal sí i, má fi epo sí i, má fi oje ewé sí i. Má jẹ́ kó lá a. Bí o ò bá rí ike tí wọ́n ń fi sí ajá lọ́rùn rà, gé ìdí bókẹ́ẹ̀tì ike kékeré kan, fi aṣọ wé etí ẹ̀ kó má baà gé e lọ́rùn, kó o so ó mọ́ bẹ́líìtì ọrùn ẹ̀.

Má sì torí àánú máa rọ àmàlà láfún fún un. Ajá tó bá sanra, ẹsẹ̀ mẹ́ta ò ní gbé e, oríkèé ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Tó o bá fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó yẹ kó o mọ eegun ìhà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún un lẹ́yin, fún un lẹ́ja tó o ti yọ egungun ẹ̀. Ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà wà nínú ẹ̀, má fún un.

Ọmọ Ajílété

Ẹ ṣeun, Baba. Mo ti gba oògùn: kápúsù gabapentin àti meloxicam ti ajá. Lóru àná ó jí lẹ́ẹ̀kan, kò sì ké. Mo ti ta nẹ́ẹ̀tì. Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà nìkan ni mi ò tíì rí rà.

Ìyá Ìbejì (Ọjà Jagun)

Ẹ má rà á. Méjì wà nílé mi tá ò lò mọ́. Ẹ rán ọmọ wá lọ́la lẹ́yìn aago mẹ́rin, màá fi ọ̀já kún un.