Wọ́n ní rúùmù méjèèjì ò bára mu, ṣé mo ṣì lè bá òtẹ́ẹ̀lì yìí fà á?

Ìyáàbejì_Dallas:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Àǹtí wa fẹ́ ṣọjọ́ìbí ọgọ́ta ọdún ní Houston, èmi àtọkọ mi àtàwọn ọmọ la jọ ń wa mọ́tò bọ̀ láti Dallas, mo wá bùkì òtẹ́ẹ̀lì lórí wẹ́bsáìtì àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì gan-an, torí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé tá a bá rí i níbòmíì tówó ẹ̀ kéré sí tiwọn, àwọn á bá wa dín in. Dọ́là 149 lálẹ́ kan ni mo bùkì ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo rí òtẹ́ẹ̀lì kan náà, ọjọ́ kan náà, ní dọ́là 118 lórí sáìtì míì. Mo fi kíléèmù ránṣẹ́ kíá, ni wọ́n bá ní rúùmù ò bára mu. Tèmi ni "Guest Room, 2 Queen, High Floor", tọ̀hún ni "Standard Room, 2 Queen Beds". Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀dì méjì náà ni, èèyàn mẹ́rin náà ni, fọ́tò tí wọ́n gbé síbẹ̀ gan-an, kọ́tìnnì kan náà ni! Ṣé mo lè bá wọn fà á àbí kí n gba kámú?

Bọ̀dé_ATL:
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. "High Floor" yẹn ló fa gbogbo wàhálà. Sáìtì kejì ò sọ pé òkè ni rúùmù tiẹ̀ wà, tí wọn ò bá sì ti kọ ọ́ síbẹ̀, lójú àwọn tó ń yẹ kíléèmù wò, kò sí nìyẹn. Fọ́tò ò lè gbà yín, torí fọ́tò kan ni wọ́n máa ń lò fún oríṣi rúùmù mẹ́ta mẹ́rin. Ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n ń wò: irú bẹ́ẹ̀dì, iye ẹ̀, ibi tí wíńdò kọjú sí, bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó ẹ̀, bóyá èèyàn lè kánsù kówó ẹ̀ padà wálé. Ọ̀rọ̀ kánsù yìí ló ń ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́, torí iye tó wálẹ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọn kì í dá owó ẹ̀ padà.
Ẹ lọ wò ó bóyá "Guest Room, 2 Queen" lásán ṣì wà. Tó bá wà, tí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà sì ṣeé kánsù láìsan nǹkan kan, ẹ bùkì ti lásán, ẹ fi kíléèmù tuntun ránṣẹ́ lórí ìyẹn, kẹ́ ẹ tó kánsù ti àkọ́kọ́.

Ṣọlá_Peckham:
Òótọ́ ni Bọ̀dé sọ, kẹ́ ẹ sì yára. Marriott àti Hilton, àwọn iléeṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn, wákàtí 24 péré ni wọ́n fún èèyàn lẹ́yìn tó bá bùkì. Tí wọ́n bá sì gbà á, kì í ṣe owó kékeré o, Marriott á mú iye náà bá tọ̀hún dọ́gba, wọ́n á tún yọ 25% tàbí kí wọ́n fún yín ní póìntì 5,000 tẹ́ ẹ lè fi gba rúùmù lọ́jọ́ míì. Èmi kì í bùkì kí n tó máa wá iye tó wálẹ̀ kiri, èyí tó wálẹ̀ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, màá wá lọ mú rúùmù tó bá a mu gẹ́ẹ́ lórí sáìtì òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibi tẹ́ ẹ ti rí iye tó wálẹ̀ náà, àmọ́ àwọn fúnra wọn á lọ wò ó ni, torí náà sáìtì tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ wọlé sí àkáǹtì ẹ̀ kó tó ríye, tàbí tí wọ́n fi orúkọ òtẹ́ẹ̀lì pa mọ́ títí èèyàn á fi sanwó, wọn ò ní gbà á.

TaxiDriver_Houston:
Ẹ wo tax náà o. Láti May 12, 2025 ni òfin FTC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, ti sọ ọ́ di dandan pé kí òtẹ́ẹ̀lì ka gbogbo resort fee, ìyẹn owó tí wọ́n ń fi dandan gbà lé owó rúùmù, mọ́ iye tí wọ́n bá gbé síta, àmọ́ tax ìjọba ṣì lè wà lẹ́yìn. Ẹ má lọ fi iye tí tax ti wọ̀ wé èyí tí tax ò tíì wọ̀.

Ìyáàbejì_Dallas:
Ẹ ṣeun gan-an ni! Ti lásán wà lóòótọ́, dọ́là 141. Òun àti ti dọ́là 118 yẹn ló ṣeé kánsù títí di ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a máa wọlé, kò sì sóúnjẹ nínú ìkankan. Mo ti bùkì ẹ̀, mo ti fi kíléèmù ránṣẹ́, mo máa kánsù ti àkọ́kọ́ nísinsìnyí.