Ìdáhùn: "Àyíká iná" kọ́ ló wà nínú búùtù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo rí ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi ránṣẹ́ lánàá: "Ìwádìí àṣìṣe inú àyíká iná ìtúsílẹ̀ àpótí-ẹ̀yìn ọkọ̀". "Àyíká iná" yẹn ni wọ́n fi tú "electric circuit" ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kò ju báyìí lọ: èèyàn tẹ bọ́tìnnì, búùtù ò ṣí, ká wá ibi tí iná ti já. Ta ló ń ti Dùgbẹ̀ gba Mọ́níyà lọ sí Mọ́lété n'Íbàdàn níbí?

Àpótí-ẹ̀yìn, mo fi sílẹ̀. Láti Challenge dé Òjòó, búùtù ni gbogbo wa ń pè é. Ìtúsílẹ̀ náà, mo fojú fò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlẹ́wọ̀n ni mo mọ̀ tí wọ́n ń tú sílẹ̀. Àṣìṣe ni kò gba ọ̀fun mi kọjá. À-ṣì-ṣe: ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tó ṣì í ṣe. Wáyà tó gbó tó sì já, kí ló ṣì ṣe? Àléébù lẹ ń wá, tàbí kẹ́ ẹ kúkú sọ pé nǹkan ṣe é.

Àyíká wá ni olórí ẹjọ́. Àyíká Bódìjà, àyíká ilé-ìwé, ìmọ́tótó àyíká. Ẹni tó bá gbọ́ "àyíká iná" á rò pé ẹ ní kóun gbálẹ̀ ìdí òpó iná ni. Ẹ̀gbọ́n ní yí ká náà ni yí po, pé kò sí ìyàtọ̀. Rárá o. Ohun tó yí mi ká lè dúró sójú kan, bí ọgbà. Iná tí à ń wí yìí ń jáde lórí bátìrì, á gba fíùsì, á gba rìléè (swíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn, tó sì ń pa), á dé ìdí mọ́tò kékeré tó ń fa ìkọ́ búùtù, á sì gba ara irin ọkọ̀ padà sórí bátìrì. Bí kò bá rí ọ̀nà padà, kò ní lọ rárá. Nínú àyíká, níbo ni pípadà wà?

Mi ò torí ẹwà èdè pariwo. Ẹ lọ sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò, kẹ́ ẹ wo ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó mọṣẹ́. Á yẹ fíùsì wò. Bí fíùsì bá pé, á ní kẹ́nìkan tẹ bọ́tìnnì, òun á tẹ́tí sí rìléè. Tó bá dún "kọ́", bọ́tìnnì ti bọ́ nínú ẹjọ́. Á wá kọjú sí híńjì búùtù, níbi tí wáyà ti ń ká, tó ń nà, nígbàkígbà tí a bá ṣí i tàbí pa á dé. Ibẹ̀ ló sábà máa ń já sí, nínú rọ́bà, níbi tí ojú ò tó. Bí iná tó ń tàn sára nọ́ńbà ẹ̀yìn bá ti kú pẹ̀lú, ẹ má wulẹ̀ wá ibòmíràn kẹ́ ẹ tó tú rọ́bà yẹn.

Mítà tí a fi ń wọn iná lè tan ọmọ iṣẹ́ jẹ níbẹ̀. Ó lè kọ 12 fólítì lára wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo, torí mítà kì í fa iná tó nǹkan. Ẹ gbé gílóòbù iwájú ọkọ̀, èyí tó ń jẹ 55 wáàtì, sídìí ẹ̀: á ràn bàìbàì, tàbí kó má ràn rárá. Ṣùgbọ́n bó bá ràn dáadáa nígbà tí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì kan irin ara ọkọ̀ tó mọ́, tí mọ́tò kékeré yẹn sì dákẹ́, ẹ wo ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wáyà tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó dá mọ́tò lẹ́bi. Àlọ ti ahun, àbọ̀ ti àna rẹ̀. Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí tẹ́lẹ̀!

Nítorí náà, àlọbọ̀ ni mo dábàá. Àlọbọ̀ iná.

Ẹnìkan ti ní àwọn èèyàn á kà á sí àlọ́ ìjàpá. Ẹ fi àmì sí i nígbà náà. Ẹlòmíràn ní àbọ̀ ni ìdajì, pé iná ìdajì ló máa jẹ́. Ta ni wọ́n kí ní "ẹ kú àbọ̀" rí tó rò pé ìdajì òun ni wọ́n ń kí?

Ẹni tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì gbọ́ ọ, ó rí i pé kì í retí èsì. Ẹni tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wo bó ṣe ń yọ́ lọ. Tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1959, irú ẹ̀ ò sì tíì sí ní Nàìjíríà, síbẹ̀ a rí amóhùnmáwòrán pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ nǹkan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá nígbà tí àwa kan ṣì ń mu ọmú. Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ríwáyà ni bàbá tèmi ní Mọ́kọ́lá, wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní "iná lọ, kò bọ̀", ọmọ iṣẹ́ mọ ibi tóun máa fọwọ́ sí.

Ti ẹni tó ní ará Ìbàdàn tí kò lè pe "ṣ" kò yẹ kó dá sí ọ̀rọ̀ àṣìṣe: ẹ̀ka-èdè kì í ṣe àìsàn. Ẹ gbé ìyẹn lọ sábẹ́ àkòrí tirẹ̀, màá bá yín níbẹ̀, torí mo ní tèmi láti sọ nípa àwọn ará Èkó.

Rìléè ṣì wà nílẹ̀ láìlórúkọ. Ẹni tó bá ní i kó mú un wá, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kó má fi "ẹ̀rọ a-" bẹ̀rẹ̀.