Ojú Mélòó ni Agbákò Ní? Bí Ìwé Fágúnwà Ṣe Sọ Wá Di Ọ̀rẹ́

Àkàrà-oògùn (alábòójútó)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tí a ti ń ka ìwé D. O. Fágúnwà pọ̀ lórí WhatsApp, tí a ń fi ohùn kà á, tí a ń yà á ní àwòrán, tí a sì ń tìtorí rẹ̀ bá ara wa jà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lóṣù yìí ń bi mí pé báwo la ṣe mọwọ́ ara wa tó báyìí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa ò tíì fojú kanra. Mi ò fẹ́ dá a sọ. Kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ rántí òfin wa méjèèjì: orúkọ inú ìwé la ń jẹ́ níbí, a kì í sì í pín ìwé fún ara wa lórí fóònù. Kí oníkálukú lọ ra tirẹ̀.

Ìmọ̀dóyè

London ni mo wà. Iṣẹ́ mi láàrin yín kò ju àmì ohùn lọ. Ẹ̀dà *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tó wà lọ́wọ́ mi, bàbá mi ló ni ín. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́: “aiye”, “enia”, “onjẹ”. Ọdún 1938 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, ọdún 1974 ni ìjọba sì tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, nítorí náà ẹni tó bá kọ́ Yorùbá lóde òní máa ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, mo máa ń fi pẹ́ńsùlù fi àmì sórí àwọn ọ̀rọ̀ tó lè dojú rú, máa ya fọ́tò àwọn ìlà yẹn, máa fi ránṣẹ́ sí Màmá Ọlọ́hùn-iyọ̀ tó ń fi ohùn ka ìwé náà fún wa, kí wọ́n tó kà á lọ́jọ́ kejì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ṣi àmì fi sórí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ gbé lé èjìká, ó wá di “ọkọ”. Màmá ò kàn tún un ṣe kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n pe gbólóhùn náà síta kí etí mi lè gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi kọ. A lo bíi wákàtí kan lórí ojú ìwé kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin mi tó ti pẹ́ tó ti kọ̀ láti fi Yorùbá dá mi lóhùn rọra wá jókòó tì mí. Lọ́jọ́ kejì òun ló bi mí pé ṣé màmá yẹn ò ní pè lónìí ni. Kò sí ẹ̀kọ́ tí mo san owó fún tó ṣe èyí fún mi.

Ìyàwó Kàkó

Aláró ni mí, Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta adìrẹ. Orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí, ìjà ló bí i.

Ẹ mọ Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ méje inú ìwé náà, ẹ mọ agbára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ló wà nílẹ̀ nígbà tí Àkàrà-oògùn wá pè é pé kí wọ́n jọ lọ Òkè Láńgbòdó. Obìnrin náà dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kó lọ. Kàkó pa á, ó bọ́ sọ́nà. Àwọn ọdẹ méjèèje ń lọ, ìtàn náà ń bá wọn lọ. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo kàn ṣí ojú ìwé tó kàn ni. Àmọ́ nígbà tí Màmá Ọlọ́hùn-iyọ̀ fi ohùn wọn kà á débẹ̀, mo gbọ́ ohùn obìnrin náà, mo pa fóònù, mi ò lè jẹ oúnjẹ alẹ́. Òru ọjọ́ yẹn ni mo fa ìwé àjákọ ọmọ mi yọ, tí mo kọ ohun tí obìnrin náà ìbá sọ ká ní wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ojú ìwé méjì.

Ìgbà tí mo gbé e síbí, ilé gbiná. Ẹnì kan ní ta ni mí tí mo fi ń bu omi mọ́ ọbẹ̀ Fágúnwà. Òmíràn ní bí a bá fàyè gba èyí, lọ́la ẹnìkan á ní Agbákò, ẹbọra burúkú inú ìwé náà, ló jàre. Kàkó tiwa, awakọ̀ akẹ́rù ni, ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló le jù sí mi. Àkàrà-oògùn tiwa, alábòójútó, rán wa létí pé Wálé Ògúnyẹmí ti fi ìtàn yìí kan náà ṣe eré *Láńgbòdó* tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977, pé ìwé náà ò fọ́. Kò tu ẹnikẹ́ni nínú.

Màmá ló wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ká padà lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ẹnìkan jókòó sílé ara rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan, Àkàrà-oògùn inú ìwé, wọlé tọ̀ ọ́, ó ní kó mú gègé àti ìwé kó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. “Ohun tí Àkàrà-oògùn bá sọ nìkan ni ẹni yẹn kọ. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó Kàkó ló kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ńkọ́?” Lẹ́yìn náà wọ́n ka ojú ìwé mi méjèèjì, ohùn kan náà tí wọ́n fi ń ka Fágúnwà ni wọ́n fi kà á. Wọn ò sáré kà á, wọn ò sì fò ó.

Kàkó ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kan ló pè mí láti ọ̀nà Mọ́kwà, ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ó ń dúró de mẹkáníìkì. Ó ní, “Ìyàwó mi, mú báírò.” Ó ń sọ ohun tí Kàkó rò lọ́kàn lọ́jọ́ tó ti Láńgbòdó dé tó bá ilé lófo, mo ń kọ ọ́. Ó sọ ọ́ títí ẹkún fi gbà á lọ́nà ọ̀fun. Mo ṣì ní ìwé náà. Mo ti yọ ọ́ kúrò láàrin ti ọmọ mi.

Ẹlẹ́gbède-ọdẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi á gùn, ẹ bá mi fara dà á.

Sáínìbọ́ọ̀dù ni mo ń kọ ní Ìbàdàn, ó ti lé lógún ọdún. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ilé tí wọn kì í tà. Nígbà tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí rọ́bà dé, iṣẹ́ ń lọ sílẹ̀, ọ̀dà ń gbẹ mọ́ mi nínú agolo. Àsìkò náà ni oníbàárà mi kan fà mí wọ ààrin yín. Mo mọ Fágúnwà láti ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n mi ò yà á rí, nítorí mo ti rí àwọn àwòrán tí Bruce Onobrakpeya yà sínú ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n.

Agbákò ni mo kọ́kọ́ gbé síbí: fìlà irin rẹ̀, ìdúró rẹ̀, ojú tó le koko. Ẹ kan sáárá sí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kan sáárá. Ohùn obìnrin kan wọlé, ẹ mọ ohùn náà, ó ní: “Ẹlẹ́gbède, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ojú mélòó ni Agbákò ní?”

Mo ní mẹ́rìndínlógún ni, ó yí orí rẹ̀ ká, mẹ́rin ni mo yà nítorí àwọn yòókù wà lápá ẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Ẹni tó ń bá Agbákò jà lè yí i ká. Ẹni tó ń wo àwòrán yín ò lè yí i ká.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo yà á láti ẹ̀gbẹ́, ojú mẹ́jọ. Mo yà á bíi pé ó ń yí, ó dà bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Lọ́jọ́ kẹta ìyàwó mi gbé igbá gàrí sílẹ̀ níwájú mi, mo bojú wò ó láti òkè, mo rí etí igbá náà bó ṣe yí ká, mo dìde. Òkè orí Agbákò ni mo yà, bí ẹyẹ tó ń fò kọjá ṣe máa rí i: fìlà irin láàrin, ojú mẹ́rìndínlógún yí i ká, gbogbo wọn ń wo ìta. Ẹnì kan níbí ní ojú odù mẹ́rìndínlógún ni mo yà láìmọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Màmá ní tiwọn kàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gígùn kan tí mo tọ́jú sórí fóònù mi títí dòní.

Láti ìgbà náà la ti ń jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n á kà á, màá fetí sí i nídìí iṣẹ́, màá yà á, wọ́n á ní ó kù síbì kan. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbé. Ìgbà tí ọmọ mi ọkùnrin ṣe ìdánwò WAEC tí èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì gbé e ṣubú, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún un. Wọ́n fi oṣù márùn-ún kọ́ ọ lórí fóònù, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé, dátà tiwọn ni wọ́n ń lò. Ó tún un ṣe, ó yege. Títí di ìgbà yẹn, mi ò mọ bí ojú wọn ṣe rí, mi ò sì béèrè fọ́tò. Ohùn yẹn tó mi.

Ó wá di àsìkò kan, mo rí i pé ohun tí wọ́n ń kà lóòjọ́ ti di ìlọ́po méjì. Aago márùn-ún ìdájí, ohùn ti wọlé. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí. Wọ́n ní gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn àwọn láti ọjọ́ pípẹ́, dókítà ti wá dá ọjọ́ tí wọn óò gé e, wọ́n sì ti sọ fún wọn pé ohùn lè má rí bó ṣe wà mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. “Mo fẹ́ gbé àwọn ọdẹ dé Láńgbòdó kó tó dọjọ́ náà.”

Màmá ò gbé wọn dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ rántí. Kàkó ka tirẹ̀ nínú ọkọ̀, à ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Ìmọ̀dóyè ka ìdajì ojú ìwé láti London. A ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí ibùsùn. Ẹnu wọn ò tíì gbà kí wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́: “Ẹ bá mi kí ọmọ London. Ó kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n igbó ni, kì í ṣe Ìgbò.”

Ohùn náà padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó lọ ló padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n pè mí, ó ń họ, ó ń já lójijì. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe Ọlọ́hùn-iyọ̀ mọ́, ká fún ẹlòmíràn lórúkọ náà. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Oṣù méje la fi ń rí kìkì lẹ́tà tí wọ́n bá tẹ̀. Mo máa ń gbé fóònù láti pè wọ́n, máa tún gbé e sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe. Mo fi àwòrán orí Agbákò ránṣẹ́ sí Ìyàwó Kàkó ní Ìtòkú. Ó ní òun ò ní fi àbẹ́là ṣe é, ẹlẹ́kọ ni òun máa ṣe. Ó fi láfún se ẹ̀kọ, ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ, ó rì í bọ aró, ó sá a, ó tún rì í, títí aṣọ fi dúdú tó bó ṣe fẹ́. Ìgbà tó họ ẹ̀kọ náà kúrò, gbogbo ojú ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wa ló ṣe é fún. Ti Màmá, ó fi rán awakọ̀ kan tó ń lọ Àkúrẹ́. Wọ́n fèsì pé ó dé, wọ́n ní a ṣé o. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá la wá jọ lọ Òkè-Igbó, ìlú tí wọ́n ti bí Fágúnwà ní 1903. Àwa tó ti Ìbàdàn wá gba Ifẹ̀, àwọn ará Àkúrẹ́ gba Oǹdó. Màmá ò sọ pé àwọn ń bọ̀, wọn ò sì sọ pé àwọn ò ní bọ̀. Mo dúró sí gáréèjì láti aago mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ ń dé, àwọn obìnrin ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn, mo ń tẹ́tí. Mo mọ̀ pé ohùn ti yí padà, síbẹ̀ èyí tí mo mọ̀ létí mi ń wá. Mi ò gbọ́ ọ.

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ohùn gbẹ, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá orí yanrìn.

“Ẹlẹ́gbède. Ojú mélòó ni Agbákò ní?”

Mo yíjú. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, irun funfun, aṣọ aró náà ni wọ́n fi ró ìró. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. “Mẹ́rìndínlógún ni, màmá.”

Wọ́n na etí ìró wọn sílẹ̀ síwájú mi.

“Kà á.”

Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.