Lórí «pẹ́pẹ́yẹ aṣíkiri»: ẹyẹ tí kì í lọ síbì kan

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi,

Mo ti ka ìwé-ìléwọ́ tí ọ̀kan nínú wa túmọ̀, tí ó sì fi ránṣẹ́ fún àtúnyẹ̀wò. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ra ilẹ̀ oko ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é fún, kí wọ́n lè mọ bí omi adágún oko wọn ṣe lè mọ́ tónítóní, àti bí wọ́n ṣe lè dín ẹyẹ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Canada goose kù níbẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n «pẹ́pẹ́yẹ aṣíkiri» tí ó fi pe ẹyẹ náà láti òkè délẹ̀ kò bá mi lára mu rárá, n kò sì lè dákẹ́ lé e, nítorí pé orúkọ náà yóò ṣi àgbẹ̀ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀: a-, ṣí, kiri. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- yìí kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe bí ó ṣe wù wá. Ẹni tí ó pa ẹja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í ṣe apẹja. Ẹni tí ẹja pípa jẹ́ ìṣe rẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí a bá pe ẹyẹ kan ní aṣíkiri, a ti sọ pé ṣíṣí láti ibì kan dé ibòmíràn ni ìṣe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó ń da adágún oko láàmú gan-an ni àwọn tí kì í ṣí rárá. Ènìyàn ló sọ wọ́n di onílé. Ní ọdún 1935 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de fífi ààyè ẹyẹ tan ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sẹ́nu ìbọn, àwọn ọdẹ tí wọ́n ń sin irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ sì tú ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ òbí ni ẹyẹ yìí ti ń kọ́ ọ̀nà àjò. Èyí tí a bí sínú ọgbà kò mọ ọ̀nà kankan. Nígbà tí ó di 1962, wọ́n tún rí ẹ̀yà tí ó tóbi jù lọ nínú wọn, tí wọ́n ti rò pé ó ti run, ní Rochester ní ìpínlẹ̀ Minnesota, àwọn ìpínlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín, wọ́n ń kó o káàkiri.

Kiri pàápàá ní ẹ̀bi tirẹ̀. Lékèélékèé kì í kiri. Àwọn àgbà tí ó tọ́ mi mọ ìgbà tí yóò dé, nígbà tí òjò bá ti dá tí ọyẹ́ ń bọ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tí yóò padà sí òkè ọya. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn pé ó ń rìn gbéregbère. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá «ẹyẹ àlọ-àbọ̀» fún èyí tí ó ń rìnrìn àjò, àti «onílé» fún èyí tí ó jókòó. Ẹni tí ó fèsì sí àbá mi ní àná kọ ọ́ ní «àlọ́-àbọ̀». Àlọ́ ni èyí tí à ń pa lálẹ́. Àlọ tí mo ń wí ni èyí tí ó jẹ́ ti ahun nígbà tí àbọ̀ jẹ́ ti àna rẹ̀. Ọ̀gá wa tí ó sọ pé òun ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kò lè gbé ohùn òkè lé orí àlọ.

Òfin ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Òfin ìdáàbòbò ẹyẹ tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1918 dáàbò bo onílé àti àlọ-àbọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba àpapọ̀ ya onílé sọ́tọ̀: èyí tí ó bá kọ́ ìtẹ́ láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà ní àwọn ìpínlẹ̀ 48 ìsàlẹ̀ (ìyẹn Amẹ́ríkà láìka Alaska àti Hawaii), tàbí tí ó bá ń gbé níbẹ̀ láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹjọ. Àgbẹ̀ tí ó bá ka «aṣíkiri» yóò ká ọwọ́ gbera, yóò máa retí ọjọ́ tí wọn yóò ṣí lọ. Wọn kò ní lọ. Ní nǹkan bí oṣù Kẹfà sí Keje, ìyẹ́ ìfò wọn máa ń re lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í lè fò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ wọn sì máa ń padà wá sí ibi tí ó ti kọ́ fífò. Ìgbà ìtẹ́ ni iṣẹ́ wà: kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ẹja àti ẹranko igbó, kí ó ti ẹyin bọ omi, kí ó dá èyí tí ó bá léfòó padà láìfi òróró kàn án, nítorí pé ọmọ ti ń dàgbà nínú rẹ̀, kí ó fi òróró àgbàdo ra èyí tí ó bá rì lára kí ó má baà pa ọmọ, kí ó sì dá a padà sínú ìtẹ́ kí ìyá lè máa sàba lé e. Kí ó sì jẹ́ kí koríko etí omi ga kọjá orúnkún, nítorí pé ẹyẹ náà kì í fẹ́ gba ibi tí kò ti ní rí ẹranko tí ó lúgọ. Gbogbo èyí wà nínú ìwé-ìléwọ́ náà, àkọlé rẹ̀ ni ó ń ta kò ó.

Ohun kejì ni «ojúoró wẹ́wẹ́», tí ó fi pe ohun aláwọ̀ ewé tí ó ń bo omi nígbà tí ìgbẹ́ ẹyẹ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú adágún bẹ́ẹ̀ ní Maryland. Ìgbẹ́ náà gùn tó ìka ọwọ́, funfun wà ní ṣóńṣó rẹ̀, ajílẹ̀ gidi sì ni. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ni ó ń bọ́ ohun tí ó ń bo omi. Ṣùgbọ́n ojúoró ní ewé, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń so rọ̀ bí irùngbọ̀n nígbà tí a bá fà á sókè. Èyí kò ní ewé, kò ní gbòǹgbò. Bí a bá bù ú, á yọ́ bọ́ láàrin ìka. Bí ó bá kú tí ó ń jẹrà, a máa gba ọ́síjìn inú omi, ẹja á wá la ẹnu sókè ní ìdájí. Irú rẹ̀ kan tilẹ̀ ní májèlé tí ó ń pa ajá àti ẹran ọ̀sìn tí ó bá mu omi náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń bẹ̀rù ojúoró. Títí àgbà kan yóò fi mú orúkọ tí ó tọ́ wá, ẹ jẹ́ kí a kọ álígì.

«Gúúsù» tí ẹlòmíràn fẹ́ kí a yá fún ẹyẹ náà ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú èdè wa, n kò fara mọ́ ọn. Ní ti àríyànjiyàn pé ọ̀gọ̀dọ̀ ni ó yẹ kí a kọ dípò adágún, adágún ni mo ṣì dì mú, ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún ọ̀gọ̀dọ̀ kò sì tíì fi apẹẹrẹ kan hàn mí tí ó jẹ́ omi tí a fọwọ́ gbẹ́ tí ẹja ń gbé inú rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo bẹ olùtumọ̀ wa pé kí ó yọ aṣíkiri àti ojúoró kúrò kí oṣù Kẹta tó wọlé, nítorí pé ìgbà náà ni ìtẹ́ kíkọ́ ń bẹ̀rẹ̀.