“Ìgbékalẹ̀ ìwádìí” kọ́, ìjábọ̀ ni

Láti Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀gbọ́n wa n'Ìkòròdú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlànà tí ẹ kọ fún àwọn ọmọ tí yóò dìde ròyìn ìwádìí wọn ní ìṣẹ́jú 10 wúlò, àmọ́ “ìgbékalẹ̀ ìwádìí” tí ẹ fi túmọ̀ “presentation” ni kò bọ́ sí i. Ohun tí a bá gbé kalẹ̀, a ti fi í síbẹ̀ nìyẹn, kẹ́ni tó bá fẹ́ wá wò ó. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ńkọ́? Ńṣe ló ń jábọ̀: jẹ́ pàdé àbọ̀, bí jẹ́ ṣe pàdé iṣẹ́ tó di jíṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ta kú sórí gbé kalẹ̀, à- ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ohun tí wọ́n gbé wá, kì í ṣe ì-. Ẹ wo àkójọ, ohun tí a kó jọ, àti ìkójọ, kíkó tí a kó o jọ.

Ẹni tó bá rò pé òun ń gbé nǹkan kalẹ̀ á kó gbogbo ẹrù wá: sláìdì 20 (ojú-ewé tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà gbé sára ògiri), ìtàn gbọọrọ níwájú, aago á dún kó tó kan ohun tí wọ́n rí. Àwọn ìyá wa tó ń ti ọjà Olúwo bọ̀, iye tí ẹja lọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ, kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe gbé wọn débẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹja àrọ̀ yíyan ni àwọn ọmọ náà wádìí, igi ìdáná tó tètè mú ẹja gbẹ ni gbólóhùn kìíní. Ìṣẹ́jú 1 fún ìyẹn, 2 fún bí wọ́n ṣe wọn ẹja ṣáájú iná àti lẹ́yìn iná, 4 fún àbájáde, 1 fún ibi tó kù sí, 2 fún ìbéèrè. Sláìdì 6 ti tó. Ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni àkókò ń jò: kí ẹni tó kàn ti dìde kí ti iwájú tó parí, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa yí sláìdì.

Láti Ìkòròdú:

Àbúrò, rọra. Ìròyìn ńkọ́? Ì- ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì ń kà á. Ẹni tó kọ́ ọ ní gírámà ló yẹ kó ti sọ ìyẹn fún ọ. Àbọ̀ tí o sì ń gbé gẹ̀gẹ̀, ìdajì náà ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ àbọ̀ ìwádìí? Bí àmì ohùn bá ṣìnà lórí sláìdì, “ìjábọ́” ló dà yẹn, wọ́n ti já bọ́ látorí igi.

Ó sì máa ń ṣìnà. Ẹ́ àti ọ̀ kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, àmì ohùn ni wọ́n ń gbé lé ẹ àti ọ lórí. Tí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn kò bá ní irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí. PDF, fáìlì tó lè gbé irú lẹ́tà rẹ̀ dání, ni kí wọ́n gbé lọ, kí ìwọ̀n lẹ́tà má sì kéré ju póìǹtì 24.

Láti Àgbádárìgì:

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà sórí àbọ̀, ẹ wá jẹ́ kí “sláìdì” kọjá wẹ́rẹ́? Ojú-àwòrán ńkọ́?

Láti Ẹ̀pẹ́:

Ojú-àwòrán, nígbà tí ọ̀rọ̀ lásán ló wà lórí rẹ̀?