Ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti apá tí mo fi: ẹ̀jẹ̀ ò dá, ara tún ń yún mi. Ṣé kí n lọ yọ ọ́?

Aláàdìrẹ Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ kú àṣálẹ́ o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ abẹ́ ni mo gbé wá, n kò rí ẹni tí mo lè bi lójúkojú.

Ọmọ mi kẹta ti pé oṣù mẹ́jọ, ó ṣì ń mu ọmú. Àkọ́bí àti èkejì, kò ju ọdún kan àti oṣù kan lọ láàárín wọn, torí náà èyí tó dé yìí ò tíì jókòó tí mo fi lọ gba ti apá, igi tín-ín-rín tí wọ́n ń kì sábẹ́ awọ apá kí oyún má bàa dúró, ẹlẹ́yọ kan tó ń lo ọdún 3. Ó di oṣù mẹ́rin báyìí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ti ń kán. Kì í pọ̀. Á kán fún ọjọ́ mẹ́jọ, á dá fún mẹ́ta, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó yí mi láṣọ nídìí ìkòkò aró, mo ní aró ni. Ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ wò mí títí, ó ní, "Aró pupa wo? Ṣebí ẹlú ni gbogbo wa ń rẹ láti àárọ̀." Ojú tì mí dé ilé.

Ìyá ọkọ mi ní ṣebí òun ti ní kí n lọ gba òrùka ìbílẹ̀, pé igi yẹn á rìn lọ sínú ọkàn mi. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n pálọ̀ ló ń sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, abẹ́ ń ta mí díẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní kẹ́míìsì àdúgbò wa ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ni, ó fún mi ní kápúsù ọlọ́jọ́ méje. Mo lò ó tán. Ìgbà yẹn gan-an ni yíyún wá dé! Nǹkan funfun kúlúkúlú ń jáde bíi wàrà tó dì, kò sì rùn. Ṣé ti apá ló fà á?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ o. Èmi abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ni mo gbà, nǹkan oṣù mi ò wá mọ́ rárá, mo gbádùn ẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ bímọ ló wá kù: mo ṣíwọ́ ẹ̀, oṣù mọ́kànlá gbáko kí oyún tó dúró. Wọ́n ti ń mú mi lọ sórí òkè àdúrà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun fẹ́ bímọ láìpẹ́, kó má gba abẹ́rẹ́ yẹn o.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má tíì yọ nǹkan kan. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀jẹ̀, ọ̀tọ̀ ni yíyún.

Ti apá máa ń jẹ́ kí awọ inú ilé ọmọ fẹ́lẹ́, ìyẹn ló ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń dààmú èèyàn jù. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin á rọlẹ̀ tó bá tó ọdún kan, lára àwọn mìíràn kò ní rọlẹ̀. Padà síbi tí o ti fi í. Wọn á kọ́kọ́ wò ó bóyá kì í ṣe oyún tàbí àrùn, lẹ́yìn náà wọ́n lè fún ọ ní ibuprofen fún ọjọ́ márùn-ún. Tó bá wá sú ọ, wọn á yọ ọ́. Apá rẹ ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní o di ọdún 3.

Ti ọkàn: fi ìka kan inú apá rẹ lókè, o ó bá a níbẹ̀ bí igi ìṣáná lábẹ́ awọ. Ní kí ìyá ọkọ rẹ náà bà á. Ọjọ́ tí ìka rẹ ò bá bá a ni kí o sáré padà, kí ẹ sì máa lo rọ́bà (kọ́ńdọ́ọ̀mù) títí wọn á fi wá a rí.

Wàyí o, yíyún. Ìwọ fúnra rẹ ti sọ ọ́: lẹ́yìn kápúsù ló dé. Kápúsù tó ń pa kòkòrò burúkú máa ń pa àwọn rere tó ń ṣọ́ ojú ara mọ́ ọn. Tí àwọn yẹn bá ti lọ, ẹbí ìwúkàrà àwọn oníbúrẹ́dì á ráyè pọ̀ sí i, òun ló ń funfun bí o ṣe wí yẹn. Ó jọ ọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n wò ó. Clotrimazole ni oògùn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kì sójú ara lálẹ́. Kò dí ọmú lọ́wọ́. Má fi ọṣẹ tàbí omi iyọ̀ fọ inú. Tó bá ń padà wá léraléra, ní kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ wò.

Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń rùn ni, Flagyl ni oògùn rẹ̀, ọkọ náà sì gbọ́dọ̀ lò ó. Ti àtọ̀sí le ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin á máa tọ̀ ọ́ bí iná, obìnrin lè má mọ nǹkan kan títí tí yóò fi dí i ní ọ̀nà ọmọ. Kápúsù àtijọ́ kò ràn án mọ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún un báyìí. Orí ṣáláńgá kọ́ ni wọ́n ti ń kó o. Ti apá kì í dènà ìkankan nínú wọn. Rọ́bà ló ń dènà.

Ọmọ Alẹ́kúwodò:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi tí mo ń lo Postinor, oògùn tí wọ́n ń mu lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì:
Ti pàjáwìrì nìyẹn! Láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀, oníhóró méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Kì í ṣẹ́ oyún tó ti dúró. Kì í sì í ba ilé ọmọ jẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń lo ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè bá oyún pàdé, torí kò lágbára tó àwọn yòókù. Lọ yan ọ̀kan nínú wọn.

Baálé Kan:
Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọkọ yẹn díẹ̀. Èmi náà ti sùn sí pálọ̀ rí. Oníbàbà tó rí bíi lẹ́tà T tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ nìyàwó mi fi, èyí tó ń lo ọdún 10. Nǹkan oṣù ẹ̀ pọ̀, inú ń run ún, okùn ẹ̀ sì ń gún mi. Mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì gé okùn náà kúrú, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ mú ọkọ yín dání lọ, ẹ má dá lọ.

Aláàdìrẹ Òkè-Baálẹ̀:
Mo ti lọ o, màmá. Wọ́n yẹ̀ mí wò, kò sí oyún, kò sí àrùn mìíràn. Òru kẹta oògùn yẹn ni mo tó sùn láìyún ara. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán, ṣùgbọ́n mo ṣì wà lórí ibuprofen.

Ìyá ọkọ mi fọwọ́ ba apá mi. Ó bà á títí, ó ní, "Àbí wọ́n gbàgbé ìṣáná síbí ni?" Ọkọ mi tẹ̀lé mi lọ. Pálọ̀ ló ṣì ń sùn, ó ní fáànù ibẹ̀ ló dáa.